Àádọ́ta fen lórí bùláòsì kan

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń bi mí pé kí ló ń mú aṣọ Guangzhou, ìlú ńlá tí mo wà ní Ṣáínà, pọ́ọ́kú tó bẹ́ẹ̀, ó ti pẹ́ tí mo ti fẹ́ kọ èyí, ọwọ́ mi ni ò dilẹ̀.

2016 ni mo débí. Xiaobei ni mo kọ́kọ́ gbé, níbi táwa aláwọ̀ dúdú pọ̀ sí, Sanyuanli ni mo ti ń ra aṣọ, mò ń kó o ránṣẹ́ sáwọn kọ́sítọ́mà mi ní Balógun. Ọjà nìkan ni mo mọ̀ nígbà yẹn, mi ò mọ ẹni tó ń rán an. Ìgbà tí mo padà wá lẹ́yìn Kòrónà, ní 2023, lẹnì kan mú mi dé Kangle, àdúgbò àwọn aránṣọ ní Haizhu nínú Guangzhou níbí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà aṣọ ìgàn ńlá tó ń jẹ́ Zhongda, pé kí n máa bá àwọn tó ń rán an dúnàádúrà fúnra mi.

Ẹ mọ bí àwọn lébírà ṣe máa ń tò sábẹ́ bíríìjì l'Ékòó láàárọ̀, tí ọ̀gá á wá fi mọ́tò ṣà wọ́n. Ní Kangle, ọ̀gá ló ń tò sójú títì. Kálukú á di aṣọ sáńpù kan mú, pẹ̀lú páálí tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ iṣẹ́ sí, àwọn télọ̀ á máa kọjá, wọ́n á gba aṣọ yẹn, wọ́n á yí inú ẹ̀ síta, wọ́n á wo ojú rírán ẹ̀, wọ́n á fojú díwọ̀n ìṣẹ́jú tó máa gbà, tówó ò bá tẹ́ wọn lọ́rùn wọ́n á dá a padà fún ọ̀gá, wọ́n á bá tiwọn lọ. Èmi tí mo kọ́ṣẹ́ télọ̀ fọ́dún mẹ́ta n'Íbàdàn kí n tó bọ́ sídìí òwò, inú mi dùn gan, mo ní ibi tí wọ́n ti mọyì iṣẹ́ ọwọ́ nìyí.

Obìnrin kan wà nínú ilé ìránṣọ tó ń ṣe ọjà mi, ọmọ Hubei, ìpínlẹ̀ kan ní Ṣáínà, bí ọ̀pọ̀ wọn níbẹ̀. Dajie ni mò ń pè é, bí ìgbà téèyàn bá pe ẹnì kan ní àǹtí. Ó ti lé láàádọ́ta ọdún. Fèrèsé yàrá tó háyà àti ti ilé kejì súnmọ́ra débi pé ẹ lè na ọwọ́ bọ ara yín lọ́wọ́, orúkọ tí wọ́n ń pe irú ilé bẹ́ẹ̀ náà nìyẹn. Mẹ́sàn-án àárọ̀ ló ń jókòó sídìí máṣíìnì, mọ́kànlá alẹ́ ló ń dìde, iye aṣọ tó bá sì rán ni wọ́n ń san, wákàtí ò sí nínú ẹ̀.

Oṣù kẹwàá ọdún yẹn mo ní kí wọ́n rán bùláòsì 3,000 fún mi. Ọ̀gá pe owó, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ná an, mo ná an títí ó fi yọ yuan kan, owó Ṣáínà, lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Inú mi dùn débi pé mo fi vóìsì nóòtì sọ fún ọ̀rẹ́ mi. Lọ́jọ́ kẹta mo lọ yẹ iṣẹ́ wò, Dajie ò dá mi lóhùn dáadáa. Ọmọkùnrin tó ń lọ aṣọ ló ṣàlàyé fún mi pé ọ̀gá ti yọ àádọ́ta fen, ìyẹn ìdajì yuan, kúrò lówó rírán. Yuan mẹ́rin ni tẹ́lẹ̀, ó ti di mẹ́ta àbọ̀.

Mo jókòó ṣírò ẹ̀. Àádọ́rùn-ún ló ń rán lóòjọ́, tẹ́lẹ̀ 360 yuan nìyẹn, ó wá di 315. Àwọn èèyàn wa tó bá gbọ́ iye yẹn á ní àwọn Ṣáínà yìí ń rówó, torí owó oṣù tó kéré jù ní Guangzhou nígbà yẹn, 2,300 yuan ni, kò ní lò tó ọjọ́ mẹ́jọ kó tó pa á. Ẹ wá pín 315 sí wákàtí mẹ́rìnlá: 22.5 yuan ni. Iye tó kéré jù tí wọ́n lè san fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́ oníwákàtí níbẹ̀ lọ́dún yẹn, 22.2. Obìnrin tó ti ń ránṣọ láti ogún ọdún, ẹ wo ibi témi àti ọ̀gá jọ tì í sí.

Òfin sì wà o. Òfin iṣẹ́ Ṣáínà ti 1995 ní wákàtí mẹ́jọ ni iṣẹ́ òòjọ́, ófátáìmù ò sì gbọdọ̀ ju wákàtí 36 lọ lóṣù, ó kéré tán ìlọ́po kan àbọ̀ lowó ẹ̀. Ọjọ́ mẹ́fà péré ni Dajie fi ń lo 36 yẹn tán. Òfin ìwé àdéhùn tó bẹ̀rẹ̀ ní 2008 tún ní ọ̀gá tó bá lo èèyàn ju oṣù kan lọ láìkọ̀wé fún un, ìlọ́po méjì owó oṣù ló máa san. Àmọ́ ẹni tó ń gbaṣẹ́ lójú títì, tó ń tọ̀dọ̀ ọ̀gá kan bọ́ sọ́dọ̀ òmíràn, ìgbà wo ló fẹ́ pé oṣù kan níbì kan?

Mo bi í pé kí ló dé tí ò lọ fákítìrì ńlá tí wọ́n ti ń kọ̀wé àdéhùn. Ó ní ibi tóun ṣe kẹ́yìn, oṣù mẹ́ta ni wọ́n jẹ òun lówó tí ọ̀gá fi sá lọ, níbí alẹ́ lòun ń gbowó òun. Mi ò rí èsì fọ̀. Ó tún sọ fún mi pé ìwé hukou òun ṣì wà lábúlé, ìyẹn ìwé ìjọba tó ń sọ ibi tẹ́ ẹ ti wá, ẹni tíwèé ẹ̀ bá sì wà lábúlé, ó ṣòro gan kọ́mọ ẹ̀ tó ríbi wọlé nílé ìwé ìjọba ní Guangzhou, ìdí nìyẹn tóun fi ọmọ òun sílẹ̀ fún ìyá òun látìgbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́rin. Omi bọ́ lójú mi. Ọmọ tèmi náà wà l'Ógbòmọ̀ṣọ́ lọ́dọ̀ màmá mi, ṣùgbọ́n èmi sọdá òkun, òun orílẹ̀-èdè ẹ̀ ló wà.

Lọ́jọ́ kejì mo padà sọ́dọ̀ ọ̀gá, mo lémi á san àádọ́ta fen yẹn, ó sì gbọ́dọ̀ dé ọwọ́ ẹni tó rán an lójú mi. 1,500 yuan ni gbogbo ẹ̀, owó tí mo fi ń kẹ́rù lọ sí ibi kọ̀ǹténà ju ìyẹn lọ. Ó gbà. Àwọn méje ló rán an, àmọ́ mẹ́ta ti bá ọ̀gá mìíràn lọ láti àná, kò sẹ́ni tó mọ orúkọ wọn tán, kò sẹ́ni tó ní nọ́ńbà wọn. Mo dúró lójú títì Kangle láàárọ̀ méjì, mò ń wo ojú àwọn tó ń kọjá. Owó wọn ṣì wà nínú WeChat tí mo fi ń sanwó lórí fóònù mi títí dòní.