Nínú Yàrà Sùngbọ́, Lẹ́yìn Àwọn Àgbà Ìjẹ̀bú

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń gbọ́ nípa Erédò Sùngbọ́, yàrà àtijọ́ tó yí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ká, ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ kan ló gbé mi dé ibẹ̀. Àwọn àgbà àti olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n kóra jọ ní Ìjẹ̀bú-Òde láti máa sọ ìtàn ìlú fún àwọn ọmọ ìlú. Wọn kì í ṣe é nínú gbọ̀ngàn. Inú yàrà fúnra rẹ̀ ni wọ́n ń kó èèyàn lọ.

Ọ̀rọ̀ ọ̀nà kò gùn: súnkẹrẹ-fàkẹrẹ níbi tá a ti jáde l'Ékòó, lẹ́yìn ìyẹn mọ́tò ń sáré dé Ìjẹ̀bú.

A wọ inú igbó, ilẹ̀ sì dédé já sísàlẹ̀. Ògiri amọ̀ pupa lápá ọ̀tún, òmíràn lápá òsì, ewé kéékèèké tútù yọ̀yọ̀ bò wọ́n, gbòǹgbò igi sì ń fà sílẹ̀ lára wọn. Àwọn igi tó hù létí yàrà ti pàdé lókè, oòrùn ń yọ́ wọlé díẹ̀díẹ̀ ni. Níbòmíràn, láti ìsàlẹ̀ yàrà dé góńgó ògiri tó 20 mítà. Mo fọwọ́ kan amọ̀ náà, ó tutù, ó sì le bí òkúta.

"Ẹ rọra o," Bàbá tó ṣáájú wa wí. "Ọwọ́ èèyàn ló gbẹ́ ẹ, kì í ṣe katapílà."

Bàbá ò mú ìwé dání, ọ̀pá lásán ni. Ó ní yàrà náà yí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ká, ó tó 160 kìlómítà. Patrick Darling, òyìnbó tó wọn ibẹ̀ láàárín ọdún 1990 sí 1999, ṣírò pé erùpẹ̀ tí wọ́n wú jáde ju ohun tí wọ́n fi kọ́ pírámíìdì ńlá Íjíbítì lọ. Bàbá wá bẹ̀rẹ̀ ìtàn Bílíkísù Sùngbọ́, opó olówó tí kò bímọ, tó ní kí wọ́n wa yàrà kí orúkọ òun má bàa parẹ́. Àwọn kan ní òun náà ni Ọbabìnrin Ṣébà tó lọ kí Sólómọ́nì.

Ọmọkùnrin kan nawọ́ sókè. Ó ní àwọn awalẹ̀pìtàn tó walẹ̀ níbẹ̀ láìpẹ́ yìí rí i pé nǹkan bí ọdún 1370 sí 1420 ni wọ́n gbẹ́ yàrà náà, ayé Sólómọ́nì sì ti lọ tipẹ́tipẹ́. Mo rò pé Bàbá á bínú. Ẹ̀rín ló rín.

"Ọmọ mi, ṣé mo bá ọ jà ni? Sọ tìrẹ, kí wọ́n gbọ́ méjèèjì."

Òun fúnra rẹ̀ ló tún fi kún un pé ní nǹkan bí ọdún 1508, ará Pọtogí kan, Duarte Pacheco Pereira, kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìlú ńlá ni Ìjẹ̀bú, yàrà ńlá ló sì yí i ká. Ìgbà yẹn ni mo gbà pé olùkọ́ gidi ni.

Ní Òkè-Èrí, níbi tí wọ́n ní ibojì Sùngbọ́ wà, wọ́n dá àwa obìnrin dúró. Obìnrin ló ni ibojì, obìnrin ò sì gbọdọ̀ wọ̀ ọ́! Mo ti ń kùn, ni màmá kan bá fà mí láṣọ. "Jókòó jàre. Wàá gbọ́ tèmi." Ó ní ìyá àgbà òun kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dáko sí orí ògiri yàrà, àfi kí onítọ̀hún fẹ́ẹ́ bá òun jà. Ọ̀dọ́bìnrin kan lára ẹgbẹ́ yẹn sáré gbé fóònù jáde, ó ń gba ohùn màmá sílẹ̀. Lójú tèmi, ìtàn tó dùn jù lọ́jọ́ náà nìyẹn, ẹ̀yìn ẹnu ọ̀nà la sì ti gbọ́ ọ.

Ìbẹ̀rù irú màmá àgbà bẹ́ẹ̀ ti dáàbò bo yàrà náà ju òfin lọ. Àtọdún 1995 ni orúkọ rẹ̀ ti wà lórí ìwé àwọn ibi tí Nàìjíríà fẹ́ kí UNESCO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí àṣà, gbà gẹ́gẹ́ bí ogún àgbáyé, síbẹ̀ títì ti gé e kọjá láwọn ibìkan.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá fẹ́ lọ, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni kẹ́ ẹ lọ, torí ìsàlẹ̀ yàrà máa ń yọ̀ lásìkò òjò. Ẹ wọ bàtà tó bo ẹsẹ̀, ẹ gbàṣẹ lọ́wọ́ àwọn àgbà Òkè-Èrí, ẹ má sì gun orí ògiri torí fọ́tò.