Ẹ ka ilẹ̀ kí ẹ tó ka ogun: ohun tí abúlé Fleury kọ́ mi

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ń kọ́ ìmọ̀ nípa ilẹ̀ àti ìtàn ní yunifásítì, bí ẹ bá fẹ́ mọ ìdí tí ogun fi pa ibì kan run, ilẹ̀ ibẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Abúlé kan ní ìlà oòrùn Faransé ló jẹ́ kí èyí yé mi yékéyéké. Fleury-devant-Douaumont lorúkọ rẹ̀, kò sì tó kìlómítà 10 sí ìlú Verdun. Kí Ogun Àgbáyé Kìíní tó dé, ènìyàn 422 ló ń gbé ibẹ̀, àgbẹ̀ àti àwọn tó ń fi igi ṣiṣẹ́. Lónìí, kò sí ẹyọ ẹnì kan níbẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ìwé máa ń bẹ̀rẹ̀ ìtàn ìjà Verdun, tí Jámánì àti Faransé jà ní 1916, láti ọ̀dọ̀ àwọn ọ̀gágun. Ẹ fi wọ́n sílẹ̀ ná, ẹ tẹ́ máàpù. Odò Meuse ṣàn gba Verdun kọjá. Ní ìlà oòrùn rẹ̀ ni àwọn òkè olókùúta ẹfun wà: wọ́n rọra ń ga láti etí odò, wọ́n sì já wálẹ̀ lójijì sí pẹ̀tẹ́lẹ̀ Woëvre. Ilẹ̀ amọ̀ ni Woëvre, bí òjò bá ti rọ̀, ẹsẹ̀ àti kẹ̀kẹ́ ẹrù á máa rì. Ẹni tó bá dúró lórí òkè ń rí gbogbo ẹni tó ń bọ̀ nísàlẹ̀. Nígbà tí Jámánì ṣẹ́gun Faransé ní 1871, tó sì gba Alsace àti apá kan Lorraine, ẹnubodè wá sún mọ́ Verdun. Ni Faransé bá kọ́ odi ogun sórí àwọn òkè náà: Souville, Vaux, Douaumont. Àárín odi Souville àti ti Douaumont ni oko àwọn ará Fleury bọ́ sí. Wọn ò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Ibi tí àwọn baba ńlá wọn tẹ̀dó sí ni ogun fẹ́ gbà kọjá.

Bí ẹ bá ti rí èyí, àwọn ọjọ́ tó wà nínú ìwé á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Ní 21 Oṣù Kejì, 1916, àgbá Jámánì bẹ̀rẹ̀ sí í dún, àwọn ará abúlé sì sá fi ilé sílẹ̀. Odi Douaumont bọ́ sọ́wọ́ Jámánì ní ọjọ́ 25 oṣù náà, ti Vaux bọ́ ní 7 Oṣù Kẹfà. Kí ló kù láàárín Jámánì àti Verdun? Òkè Fleury àti Souville ni. Ní 23 Oṣù Kẹfà, lẹ́yìn tí wọ́n ti fi afẹ́fẹ́ olóró ṣíwájú, Jámánì wọ Fleury. Ó di oṣù kẹjọ kí Faransé tó gbà á padà pátápátá. Láàárín àkókò náà, ìgbà 16 ni wọ́n já a gbà lọ́wọ́ ara wọn. Nígbà tí wọ́n fi máa ṣe tán, ògiri kan ò dúró mọ́.

Ẹ má sì jẹ́ kí àwọn ọmọ ogun gba gbogbo ojú ìwé yín. Níbi tí Fleury wà, igi ti hù sórí ihò bọ́ǹbù, ṣùgbọ́n wọ́n ri àmì mọ́lẹ̀ láàárín wọn: ibí ni ilé oníbúrẹ́dì, ibí ni ti alágbẹ̀dẹ, ibí ni ilé ẹ̀kọ́, ibí ni oko lágbájá. Lójú tèmi, àwọn àmì yẹn ṣe pàtàkì ju ọ̀pọ̀ ère ọ̀gágun lọ. Ẹni tó bá kọ ìtàn abúlé láìwá ibi tí wọ́n ti ń ra búrẹ́dì, ìtàn ogun nìkan ló kọ.

Ilẹ̀ náà ò sì tíì gbàgbé. Lẹ́yìn ogun, bọ́ǹbù, májèlé àti òkú pọ̀ nínú rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ìjọba fi sọ pé kò ṣeé dá oko sí mọ́; wọ́n gbin igbó páìnì sórí rẹ̀. Abúlé 9 ló pa run báyìí lágbègbè Verdun, wọ́n sì sọ nípa wọn pé wọ́n kú fún Faransé, ọ̀rọ̀ tí wọ́n máa ń sọ nípa jagunjagun. Síbẹ̀, Fleury ṣì ní maire, ìyẹn olórí ìlú, tirẹ̀. Kò sí olùdìbò, nítorí náà préfet, aṣojú ìjọba ní agbègbè náà, ló ń yàn án, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni láti tọ́jú ìrántí ibẹ̀. Ní 2013, wọ́n rí egungun ọmọ ogun Faransé 26 nínú ilẹ̀ Fleury.

Iṣẹ́ kan wà tó ń dúró de ọ̀kan nínú yín. Ní àwọn ọdún ogun yẹn kan náà, Faransé ń kó àwọn ọ̀dọ́kùnrin Dahomey (Benin òde òní) lọ sójú ogun, àwọn Ọ̀họ̀rí, Yorùbá tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ Pobè àti Kétu, sì kọ̀, wọ́n dìde sí ìjọba Faransé. Orí ilẹ̀ amọ̀ dúdú tó rẹlẹ̀ ni wọ́n ń gbé, ibi tí ọ̀nà kì í ṣeé gbà nígbà òjò. Ní Woëvre, amọ̀ ń di ẹsẹ̀ ọmọ ogun mú. Kí ni amọ̀ ṣe fún àwọn Ọ̀họ̀rí? Ẹ wá máàpù ilẹ̀ ibẹ̀ àti àkọsílẹ̀ òjò rẹ̀, kí ẹ tẹ́ wọn sí ẹ̀gbẹ́ ọjọ́ tí àwọn ọmọ ogun Faransé wọ ibẹ̀, kí àwọn àgbà Pobè tó mọ̀ nípa rẹ̀ tó tán.