Ẹ̀yin ọ̀gá tẹ́ẹ ń wáṣẹ́, ẹ yé fọ́n CV káàkiri

Ó máa ń dùn mí gan-an tí mo bá rí ẹni tó ti ṣe ọ̀gá àgbà fún ọdún gbọọrọ, tíṣẹ́ wá bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀, tó wá jókòó ti kọ̀ǹpútà látàárọ̀ dalẹ́, tó ń fi CV kan náà ránṣẹ́ síbi gbogbo bí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde yunifásítì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹnu ni wọ́n fi ń wá irú iṣẹ́ tiyín, ọ̀pọ̀ ni wọn ò tiẹ̀ ní kéde, torí ẹni tó wà nípò yẹn lè má tíì mọ̀ pé wọ́n fẹ́ yọ òun.

Ẹlòmíì á ní headhunter, ìyẹn àwọn tó ń bá ilé iṣẹ́ wá ọ̀gá, ni òun gbójú lé. Ó dáa, ẹ bá wọn sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ẹ mọ ẹni tó ń sanwó fún wọn o. Àwọn bíi Korn Ferry, Spencer Stuart, Egon Zehnder, ilé iṣẹ́ tó ń wá ọ̀gá ló gbéṣẹ́ fún wọn, òun náà ló ń sanwó wọn, owó ọ̀hún sì sábà máa ń tó ìdá kan nínú mẹ́ta owó ọdún àkọ́kọ́ ẹni tí wọ́n bá gbà. Oníbàárà wọn ni wọ́n ń bá wá èèyàn. Tí wọn ò bá pè yín padà ẹ má fi ṣèbínú, àmọ́ tí wọ́n bá pè láti bèèrè ẹlòmíì, ẹ júwe ẹni tó mọṣẹ́ fún wọn, wọn kì í gbàgbé irú ẹ̀.

Ibi tọ́rọ̀ wà gan-an ni àwọn tẹ́ẹ mọ̀ tẹ́ẹ kì í rí déédéé. Mark Granovetter, onímọ̀ nípa àwùjọ ẹ̀dá, ti kọ ọ́ láti 1973 ní Amẹ́ríkà pé ojúlùmọ̀ lásán máa ń wúlò fún ìròyìn iṣẹ́ gan-an, torí ohun tọ́rẹ̀ẹ́ kòríkòsùn yín gbọ́, ẹ̀yin náà ti gbọ́ ọ. Nígbà táwọn olùwádìí tún yẹ̀ ẹ́ wò lórí LinkedIn, ìkànnì táwọn òṣìṣẹ́ àti agbanisíṣẹ́ ti ń pàdé, tí wọ́n gbé àbájáde ẹ̀ jáde ní 2022, èèyàn tó lé ní mílíọ̀nù 20 ni wọ́n lò, ibi tó já sí náà nìyẹn. Torí náà ẹ pe ọ̀gá yín àtijọ́, lọ́yà tẹ́ẹ jọ ṣiṣẹ́ nígbà kan, ọ̀dítọ̀, ẹni tó wà ní bọ́ọ̀dù ibòmíì, àwọn wọ̀nyí máa ń tètè gbọ́ tí nǹkan bá ń yí níbì kan.

Ṣùgbọ́n ẹ má sọ pé "ẹ bá mi wáṣẹ́", ọkàn ẹni yẹn á kàn dàrú ni, torí kò níṣẹ́ lápò. Ẹ kọ irú èyí: "Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta mà. Mo ti kúrò níbi tí mo wà, ilé iṣẹ́ tó ń pàdánù tó fẹ́ padà sẹ́sẹ̀ ni mò ń wò báyìí. Ṣé mo lè gba ogún ìṣẹ́jú lọ́wọ́ yín kí n gbọ́ ohun tẹ́ẹ rí lẹ́ka yẹn?" Tẹ́ẹ bá sọ̀rọ̀ tán, ẹ bèèrè ẹni tó tún yẹ kẹ́ẹ rí.

Tẹ́ẹ bá ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́, ẹ rọra pẹ̀lú àmì "Open to Work" LinkedIn tó ń sọ pé ẹ ń wáṣẹ́, kódà èyí tí wọ́n ní àwọn agbanisíṣẹ́ nìkan ló ń rí i, LinkedIn fúnra wọn sọ pé àwọn ò lè fọwọ́ sọ̀yà pé ilé iṣẹ́ yín ò ní rí i. Kẹ́ẹ sì tó jókòó pẹ̀lú ilé iṣẹ́ tó ń bá tiyín díje, ẹ ka àdéhùn iṣẹ́ yín dáadáa, ẹ wò ó bóyá wọ́n ti kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹ ò gbọ́dọ̀ bá abánidíje ṣiṣẹ́ fún sáà kan.