Yen kì í ṣe owó Jàpáàn nìkan

Lánàá nílé wa ní Ògbómọ̀ṣọ́, mò ń fa máńgòrò mu lọ́wọ́, omi rẹ̀ ti ṣàn dé ìgbọ̀nwọ́, ni àbúrò mi bá na ìwé òyìnbó kan sí mi.

"Bọ̀dá mi, ṣé owó Jàpáàn ló ń wu bàbá inú ìwé yìí ni?"

Ọ̀rọ̀ òyìnbó "yen" ló rí níbẹ̀. Mo ní rárá o, orúkọ owó yàtọ̀. Ọ̀dọ̀ àwọn ará Ṣáínà tó ń sọ èdè Kantonísì ni eléyìí ti wá: bí ara ṣe ń béèrè ópíọ̀mù, oògùn olóró kan, lọ́wọ́ ẹni tó ti di bárakú fún. Láàárín àwọn ọdún 1800 ló wọ èdè òyìnbó ní Amẹ́ríkà. Nígbà tó yá, ó kúrò lórí oògùn, ó di kí ọkàn máa fà sí ohunkóhun, títí kan oúnjẹ.

"Àṣé yán hànhàn tiwa náà ni!"

Ìró lásán ló jọra o. Ẹ má lọ sọ pé Yorùbá ló kọ́ Ṣáínà.