Ọlọ́run Kò Jẹ́ Kí Ojú Mi Fọ́

Ẹ̀yin ará àti ọ̀rẹ́, mo jẹ́jẹ̀ẹ́ pé bí a bá gbọ́ ohùn ìyá tí a sì gbọ́ ohùn ọmọ, mi ò ní panu mọ́. Ọmọ mi pé ogójì ọjọ́ lónìí, mo sì ń rí ojú rẹ̀ kedere. Ìríran yẹn gan-an ni mo fẹ́ dúpẹ́ lé lórí.

Iṣẹ́ aránṣọ ni mò ń ṣe n'Íbàdàn. Oyún náà pé oṣù mẹ́rin nígbà tí orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ mi. Tí mo bá dùbúlẹ̀ ló ń le jù, ẹkún ni mo fi ń jí láàárọ̀. Etí ọ̀tún mi ń dún hùù, hùù, bí ọkàn mi ṣe ń lù. Wọ́n ní ibà ni, mo lo oògùn ibà. Níbi tí mo ti ń gba ìtọ́jú aboyún, wọ́n wọn ìfúnpá mi, wọ́n yẹ ìtọ̀ mi wò, wọn ò rí nǹkan kan, wọ́n ní oyún ló ń ṣe mí, kí n lọ sinmi.

Lọ́jọ́ kan, àlùmọ́gàjí bọ́ sábẹ́ máṣíìnì. Mo bẹ̀rẹ̀ mú un, bí mo ṣe nàró báyìí, ilẹ̀ ṣú. Ọ̀sán gangan! Mi ò rí ọwọ́ ara mi. Nígbà tí èèyàn lè ka ení títí dé àrùn-ún, ojú là. Mo ní òòyì ni. Lọ́sẹ̀ kejì, mo fẹ́ ti òwú bọ ojú abẹ́rẹ́, abẹ́rẹ́ di méjì lójú mi. Ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi ló gbà á lọ́wọ́ mi, ó ní, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká lọ rí dókítà ojú." Ọlọ́run ló fi ọ̀rọ̀ yẹn sí i lẹ́nu.

Dókítà náà tan iná sí mi lójú, ó dákẹ́. Ó ní iṣan tó so ojú mọ́ ọpọlọ ti wú lójú méjèèjì, pé omi tó yí ọpọlọ ká ló ń fún un. Ó ti pe ilé ìwòsàn ńlá kí n tó dìde lórí àga.

Wọ́n fi MRI, ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú orí, wò mí: kò sí kókó, kò sí ẹ̀jẹ̀ tó dì sínú iṣan orí. Ó wá kan abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn, èyí tí wọ́n fi ń wọn bí omi ọpọlọ yẹn ṣe ń fúnni tó. Wọ́n ní kí n fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, kí n ká orúnkún mọ́ ikùn, ikùn tó ti yọ! Nọ́ọ̀sì kan dì mí mú bí ọmọ. Omi náà gun ọ̀pá tí wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n títí ó fi dé sẹ̀ǹtímítà 38, bẹ́ẹ̀ kò yẹ kó ju 25 lọ. Ó mọ́ gaara bí omi òjò. Wọ́n fa díẹ̀ kúrò, kí n tó padà dé wọ́ọ̀dù, ariwo etí mi ti dákẹ́. Ẹ̀yin ará, mo sunkún ọpẹ́.

Wọ́n fún mi ní acetazolamide, oògùn tó ń dín omi ọpọlọ yẹn kù. Wọ́n ṣàlàyé fún èmi àti bàbá ọmọ pé àwọn máa ń yẹra fún un ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ oyún, ṣùgbọ́n tèmi ti kọjá ibẹ̀, ojú tó bá sì ti fọ́ báyìí kì í sábà padà. Ìka mi ń jó ṣìnṣìn, mínírà ń dà bí irin lẹ́nu mi, mo fara dà á. Wọ́n ní kí n ṣọ́ra kí n má sanra jù, ṣùgbọ́n kí n má febi pa ọmọ. Ìyá ọkọ mi gbọ́, ó ní, "Ìwọ má gbààwẹ̀, èmi á gbà á fún ọ." Ó sì gbà á. Mọ́mì, ẹ ṣeun, ẹ ó jèrè wa.

Ẹnìkan ti dẹ́rù bà mí pé tí mo bá rọbí, ojú á fọ́ pátápátá. Àwọn dókítà ní rárá, níwọ̀n ìgbà tí ojú ti dúró, mo lè bí i fúnra mi. Mo sì bí i fúnra mi.

Mo ṣì ń lọ fún àyẹ̀wò ojú. Ṣùgbọ́n aṣọ tí a ó wọ̀ lọ síwájú pẹpẹ lọ́jọ́ Ìsinmi yìí, tèmi àti ti ọmọ, èmi ni mo fi ojú ara mi rán an. Ẹ bá mi gbé Olúwa ga!