Ẹ ka oògùn kí ẹ tó wo táìlì

Bí ẹbí bá ń wá ilé ìtọ́jú tí ẹni tó ní àìsàn ọpọlọ máa gbé, iye owó ni wọ́n kọ́kọ́ ń béèrè, lẹ́yìn ẹ̀ bóyá iná ń wà. Wọ́n á wá fojú yí ilé ká: ògiri funfun, táìlì tó ń dán, géètì gíga. Wọ́n á ní ibẹ̀ dáa. Lójú tèmi, géètì gíga yẹn gan-an ló yẹ kó kọ́kọ́ fu wọ́n lára.

Ó yẹ kí àwa ará Abẹ́òkúta mọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní 1954 ni ilé ìwòsàn Árò bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ Thomas Adéoyè Lámbò, dókítà àìsàn ọpọlọ, ọmọ ìlú yìí. Kò kó gbogbo aláìsàn há inú ọgbà. Ó fi ọ̀pọ̀ nínú wọn sí abúlé tó yí Árò ká. Mọ̀lẹ́bí kan á bá aláìsàn wá, ìyá tàbí ẹ̀gbọ́n, á máa se oúnjẹ fún un, á máa mú un lọ gba ìtọ́jú láàárọ̀. Tó bá yá, wọ́n á padà sábúlé, wọ́n á wà láàárín àwọn tó ń roko tó ń ta ọjà. Títí dòní, àwọn kan ṣì ń fi "Árò ló yẹ kó o wà" bú ara wọn, bẹ́ẹ̀ ohun tó yẹ ká fi máa yangàn ni. Òṣùwọ̀n tèmi nìyẹn: ṣé ilé yìí ń mú èèyàn sún mọ́ ọjà, ilé àti ẹbí, àbí ó ń gé e kúrò lára wọn? Èyí tó bá ń gé e ti rẹ̀yìn sí ohun tí wọ́n ṣe ní Árò ní ohun tó lé ní 70 ọdún sẹ́yìn.

Àwọn oníṣẹ́ ìlera ọpọlọ ní òṣùwọ̀n alákọsílẹ̀ tiwọn. Wọ́n ṣe QuIRC ní Yúróòpù: ìbéèrè 145 lórí ọ̀nà méje, láti orí ilé àti ìtọ́jú dé orí ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn àti bí èèyàn ṣe ń dá nǹkan ṣe fúnra ẹ̀. Ó kún fọ́fọ́, àmọ́ ọ̀gá ilé ló ń dáhùn ẹ̀. Ta ni yóò pe ọmọ ara ẹ̀ ní ọ̀bùn lójú àlejò? Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ràn QualityRights, tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní 2012. Ìgbìmọ̀ ló ń lọ wo ilé, ẹni tó ti gba irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀ rí sì gbọ́dọ̀ wà nínú wọn. Wọ́n á fojú wò, wọ́n á ka ìwé, wọ́n á bá àwọn tó ń gbébẹ̀ sọ̀rọ̀ níkọ̀kọ̀, wọ́n á wá sọ nípa ohun kọ̀ọ̀kan bóyá ó pé, ó kù díẹ̀, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni, tàbí wọn ò tíì bẹ̀rẹ̀. Ẹbí náà lè fi irú ojú bẹ́ẹ̀ wo ilé.

Ẹ má lọ lọ́jọ́ Àìkú. Ọjọ́ yẹn ni wọ́n ń gbálẹ̀ de àlejò. Ẹ lọ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, nígbà tí oúnjẹ ọ̀sán ti kúrò nílẹ̀ tí talẹ́ kò tíì dé. Ẹ jókòó, ẹ máa wò. Ta ló ń ja ewédú, ta ló ń fọ aṣọ ara ẹ̀, mélòó ló kàn nà gbalaja níwájú tẹlifíṣọ̀n tí ẹnikẹ́ni nínú wọn kò yan ohun tó ń ṣe? Ẹ fetí sí bí wọ́n ṣe ń pe àwọn èèyàn. Bí ọmọ ogún ọdún bá lè pe ìyá ẹni ọgọ́ta ọdún ní "ìwọ" lójú àlejò, tí kò sì sí ẹni tó bá a wí, ẹ̀yin náà ẹ ro ohun tó máa ṣẹlẹ̀ tí ẹ bá ti lọ.

Oògùn ló wá kàn, ibẹ̀ ni kí ẹ ti fara balẹ̀ jù. Ẹ ní kí nọ́ọ̀sì gbé ìwé oògùn àti oògùn fúnra ẹ̀ jáde pa pọ̀. Ká ní ẹbí ra oògùn 60, káàdì 6 tí ẹyọ 10 wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹyọ kan láàárọ̀, ẹyọ kan lálẹ́, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kìíní oṣù. Tí ẹ bá débẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kẹsàn-án, ẹyọ 17 ló yẹ kó ti lọ: 16 fún ọjọ́ 8, àti ẹyọ àárọ̀ ọjọ́ náà. 43 ló yẹ kó kù, ìyẹn káàdì 4 àti ẹyọ 3. Bí 52 bá ṣì wà nílẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án ni wọ́n ti fò ó. Bó bá jẹ́ 30 ló kù, yálà ó ń lò ó ju bó ṣe yẹ lọ, tàbí oògùn ẹ̀ ń bá ẹlòmíì lọ.

Lẹ́yìn náà, ẹ wo ìwé. Bí wọ́n bá ti fàmì sí tòní alẹ́ nígbà tí oòrùn ṣì wà lókè, tàbí tí àmì oṣù odindi jẹ́ ti bírò kan, ọwọ́ kan, ọ̀ṣọ́ lásán ni ìwé yẹn. Kì í ṣe ìwà ibi ló ń fà á nígbà gbogbo. Òṣìṣẹ́ kan tó ń bójú tó èèyàn 20 á fàmì sí gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà kó lè lọ bu oúnjẹ. Àmọ́ ìwé yẹn ni dókítà máa kà. Tó bá rí i pé ara ò yá, tí ìwé sì ní ó ń lo oògùn ẹ̀ déédéé, á gbà pé oògùn ni kò tó, á fi kún un. Ti abẹ́rẹ́ náà nìyẹn: èyí tí wọ́n ń gún lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ méjì sí mẹ́rin, bíi fluphenazine, gbọ́dọ̀ ní ọjọ́, ìwọ̀n àti orúkọ ẹni tó gún un.

Ẹ wo ara èèyàn náà fúnra ẹ̀. Oògùn ọpọlọ bíi haloperidol lè mú kí ọrùn gan, kí ọwọ́ máa gbọ̀n, kí itọ́ máa dà, kí èèyàn máa rìn bí igi. Ó tún lè mú kí ẹsẹ̀ má gbélẹ̀: á jókòó, á dìde, á lọ, á bọ̀, ilẹ̀ ò ní gbà á. Ibi tí àṣìṣe ti ń pọ̀ jù nìyí. Ẹni tí kò mọ̀ á ní nǹkan ẹ̀ ti tún dé, á fi kún oògùn, ohun tó sì ń dà á láàmú á tún le sí i. Ẹ béèrè lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ kan pé, "Bí ẹsẹ̀ ẹ̀ ò bá gbélẹ̀, kí lẹ máa ń ṣe?" Tó bá dáhùn pé, "A máa ń tì í mọ́lé," ẹ ti gbọ́ ohun tí ẹ wá gbọ́. "A máa ń pe dókítà, a máa ń kọ ọ́ sílẹ̀" ni ìdáhùn tó yẹ. Olanzapine, oògùn ọpọlọ míì, ń mú èèyàn sanra, nítorí náà òṣùwọ̀n ara gbọ́dọ̀ wà nílé, kí wọ́n máa wọ̀n wọ́n lóṣooṣù, kí wọ́n sì máa yẹ ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wò. Ẹni tó ń lo clozapine gbọ́dọ̀ máa ṣàyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 18 àkọ́kọ́. Ẹni tó ń lo lithium, ìgbẹ́ gbuuru ọjọ́ méjì lè sọ oògùn yẹn di májèlé sí i lára. Ilé tí omi ti ń wọ́n kò yẹ fún un.

Oúnjẹ kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀: ẹ wọ ilé ìdáná, ẹ wo ìkòkò, kì í ṣe ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri.

Ti ìlẹ̀kùn le ju ìyẹn lọ. Ní 2019, Human Rights Watch, àjọ tó ń jà fún ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn, ròyìn pé àwọn dé ilé ìtọ́jú 28 ní Nàìjíríà, àwọn sì bá èèyàn nínú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀. Oṣù kìíní 2023 ni wọ́n tó buwọ́ lu Òfin Ìlera Ọpọlọ tó rọ́pò òfin 1958. Ẹ má ṣe béèrè pé, "Ṣé ẹ máa ń de èèyàn mọ́lẹ̀?" nítorí "rárá" ni gbogbo wọn máa sọ. Ẹ béèrè ìwé tí wọ́n ń kọ ọ́ sí: ta ni wọ́n tì mọ́lé, aago mélòó, ta ló pàṣẹ ẹ̀, aago mélòó ni wọ́n sí i. Ilé tó ní òun ò ní irú ìwé bẹ́ẹ̀ torí òun kì í ti èèyàn mọ́lé, ẹ wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn yàrá. Bí àgádágodo bá wà níta, tí ojú ilẹ̀kùn tó kọjú sínú sì kún fún ojú èékánná tàbí ìpá ẹsẹ̀, ẹ ti rí ìwé yẹn. Kí ẹ tún béèrè ẹni tó ń wà lójúfò ní aago mẹ́ta òru àti ibi tí kọ́kọ́rọ́ ń wà. Bí irin bá wà lójú fèrèsé, tí kọ́kọ́rọ́ sì wà lápò ẹni tó ti lọ sùn sílé ara ẹ̀ ní Ọ̀bàǹtókò, iná kan ṣoṣo ló kù kí gbogbo wọn jóná mọ́lé.

Ìwé ètò ìtọ́jú kálukú náà wà. "Kí ara ẹ̀ yá" kì í ṣe ètò. "Kó máa dá wọ mọ́tò lọ sí Kútọ̀ ra ọṣẹ, kó mú ṣéńjì bọ̀, kó tó di ìparí oṣù kẹta" ni ètò, torí èèyàn lè yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó ṣẹ. Ẹ fi ìwé ẹni mẹ́ta síra wọn. Bí ọ̀rọ̀ inú wọn bá jọra, ẹnì kan ń dà á kọ ni. Ẹ béèrè iye èèyàn tó kúrò nílé yìí lọ́dún tó kọjá àti ibi tí wọ́n ń gbé báyìí. Ilé tí ẹnikẹ́ni kì í kúrò ní ti di ilé ìkóǹkan-sí, bó ti wù kí ó mọ́ tó. Lóòótọ́, ẹbí náà ń fà á: wọ́n á sanwó ọdún kan sílẹ̀, wọ́n á yí nọ́ńbà padà. Ilé tó ní kí ẹbí má wá fún oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ "kí ọkàn ẹ̀ lè balẹ̀" ló ń kọ́ wọn ní ìwà yẹn.

Bí ẹ bá sì wá fẹ́ fi èèyàn yín sílẹ̀ níbì kan, ẹ ra bàtà tuntun fún un lọ́jọ́ tó wọlé. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ẹ yí bàtà náà dojú dé, kí ẹ wo àtẹ́lẹ̀ ẹ̀. Bó bá ṣì rí bó ṣe rí lọ́jọ́ tí ẹ rà á ní Ìtòkú, kò tíì jáde nílé.