Ìyá tó ń fọ abọ́ lójú fèrèsé

Aago méje àárọ̀ ni mo jáde níṣẹ́ alẹ́ lónìí, dípò kí n wọ bọ́ọ̀sì lọ sílé lọ sùn, mo gba Gorham Street lọ sí itẹ́ òkú Edson. Ó ti lé lọ́dún méjì tí mo ti ń gbé Lowell yìí, ní Massachusetts, tí mo sì ń sọ pé màá lọ wo sàréè Jack Kerouac, òǹkọ̀wé Amẹ́ríkà yẹn, iṣẹ́ ò jẹ́. Òkúta pẹlẹbẹ kan ni, ilẹ̀ ló wà, tẹ́ ẹ ò bá wolẹ̀ dáadáa ẹ lè gba orí ẹ̀ kọjá. "Ti Jean" ni wọ́n kọ sókè, ìyẹn orúkọ tí wọ́n fi ń pè é nílé ní kékeré, wọ́n kọ 12 March 1922 sí 21 October 1969, wọ́n wá kọ ọ́ síbẹ̀ pé ó bọlá fún ìyè. Àwọn tó ti wá ṣáájú mi fi báírò sílẹ̀ níbẹ̀, ó tó mẹ́fà, pẹ̀lú owó wẹ́wẹ́, òjò àná sì ti wọ inú ọ̀kan nínú àwọn báírò yẹn, íǹkì ẹ̀ ti ṣàn dé ẹ̀gbẹ́ orúkọ ẹ̀, búlúù. Mo bẹ̀rẹ̀, mo fi tíṣù nù ún. Mi ò tiẹ̀ rò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Ọ̀rọ̀ èdè ló kọ́kọ́ fà mí mọ́ ọkùnrin yìí. Àwọn òbí ẹ̀ ti Quebec ṣẹ̀ wá, Faransé ni wọ́n ń sọ nílé, ó ti tó bí ọmọ ọdún mẹ́fà kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa, Faransé yẹn náà lòun àti ìyá ẹ̀ sì ń bára wọn sọ títí tó fi kú. Ẹni tí gbogbo ayé ń pè ní ohùn Amẹ́ríkà o, èdè ilé ni ìyá ẹ̀ fi ń pè é wá jẹun.

Lẹ́yìn tí Ogun Àgbáyé Kejì parí ní 1945, owó wọ Amẹ́ríkà, àwọn èèyàn ń ra ilé, wọ́n ń ra mọ́tò, wọ́n ń ra tẹlifíṣọ̀n, púpọ̀ nínú ẹ̀ gbèsè ni wọ́n fi ń rà á, bọ́ǹbù átọ́míìkì sì ń bẹ tí ẹ̀rù ẹ̀ ò jẹ́ kí wọ́n sùn. Àwọn ọ̀dọ́ kan wá ń bi ara wọn pé ṣé torí kí n lè san owó fíríìjì ni wọ́n ṣe bí mi ni. Àwọn òǹkọ̀wé inú wọn, Kerouac náà wà lára wọn, ni wọ́n ń pè ní Beat. Ní ìgboro, ọ̀rọ̀ yẹn ò ju ẹni tó ti rẹ̀, ẹni tí ayé ti lù bolẹ̀, Kerouac ló ní ẹni ìbùkún náà wà nínú ẹ̀, pé ẹni tó ti dé ìsàlẹ̀ pátápátá lojú ẹ̀ máa ń là sí nǹkan ọ̀run. Mo gba ìyẹn gbọ́, iṣẹ́ tí mò ń ṣe lálẹ́ ti jẹ́ kí n rí i.

Gbogbo èèyàn ló mọ ìtàn On the Road, ìwé Kerouac tó sọ̀rọ̀ ìrìn àjò lójú títì, bó ṣe lẹ pépà mọ́ra wọn títí tó fi gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 120 ní April 1951, tó tì í bọ inú taipuráítà, tó tẹ̀ ẹ́ lọ́sẹ̀ mẹ́ta. Ìyàwó ẹ̀ ìgbà yẹn, Joan, ló ń lọ síṣẹ́ lásìkò yẹn. Ọdún tó tẹ̀ lé e Joan bímọbìnrin, Kerouac lóun kọ́ lòun ni ín. Ṣáájú ìgbà yẹn, ìyá ẹ̀ Gabrielle ló ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń ṣe bàtà, owó yẹn ni wọ́n fi ń jẹun tó bá ti ìrìn àjò dé. Nínú ìwé ó sọ ìyá yẹn di àǹtí, ìwé náà sì jáde ní 1957, gbogbo ọmọkùnrin Amẹ́ríkà fẹ́ máa lọ sójú títì. Ìyẹn máa ń dùn mí. Èmi náà fẹ́ràn ojú títì yẹn o, nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á ọkàn mi ń sáré, àmọ́ ta ló ń ran bàtà?

Ìwé ẹ̀ mìíràn, The Dharma Bums, 1958, òun ni mò ń tún kà nínú bọ́ọ̀sì láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Kerouac ti rí ẹ̀kọ́ Búdà nínú ìwé ní 1954, pé ìyà ló kún ayé, pé dídi nǹkan mú ló ń fà á. Gary Snyder, akéwì tó wá lọ sí Japan ní 1956 lọ kọ́ Zen, ìyẹn ẹ̀ka kan nínú ẹ̀kọ́ Búdà, ló fi ṣe Japhy nínú ìwé yẹn, Japhy ní kéèyàn ju gbogbo ẹrù nù, kó gbé àpò kọ́ ẹ̀yìn kó gorí òkè lọ, ó sì kórìíra kíṣìn olówó pẹ̀lú ẹ̀rọ inú ẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni Ray (ìyẹn Kerouac fúnra ẹ̀) gba lífìtì láti California títí dé North Carolina kó lè bá wọn ṣe Kérésì nílé, ó pẹ́ kó tó dé. Kó tó wọlé ó yọjú lójú fèrèsé, ó rí ìyá ẹ̀ nídìí síǹkì funfun tó ń fọ abọ́, ojú ẹ̀ fà ro, ó ń dúró dè é, àfi bí ẹni ń sọ pé ọmọ yìí fẹ́ fi àìbalẹ̀ ọkàn pa mí.

Mo ka ibẹ̀ kọjá ibùsọ̀ tó yẹ kí n ti sọ̀ kalẹ̀.

Torí ibẹ̀ ló ti dá Japhy lóhùn. Ó dúró nínú òtútù, ó ń rò ó pé kí ló dé tí Japhy ń bínú síǹkì tó báyìí, pé ọkàn rere wà lára èèyàn yálà ó ń gbé kíṣìn ni o, yálà orí òkè ni, pé àánú gan-an ni ọkàn ẹ̀kọ́ Búdà. Èmi rò pé kò sí ibòmíì nínú gbogbo ìwé àwọn Beat tí èrò wọn ti jinlẹ̀ tó báyìí, òpópónà kọ́, orí òkè kọ́, ojú fèrèsé ni. Kò sì pẹ́ sígbà yẹn, nílé yẹn náà, tó tú ajá tí wọ́n so mọ́ ṣéènì sílẹ̀, ọkọ ẹ̀gbọ́n ẹ̀ obìnrin bínú pé owó ńlá lòun ná lórí ajá yẹn, Ray bi í pé tí wọ́n bá so ẹ̀yin náà ńkọ́. Ajá ló rí, síǹkì ló rí. Ohun tó ń dùn mí ni pé ó rí ìyá ẹ̀, kò kàn gba abọ́ lọ́wọ́ ẹ̀ ni.

Allen Ginsberg, akéwì Beat, náà wà bẹ́ẹ̀. Ìyá ẹ̀, Naomi, kú sí ilé ìwòsàn àwọn tó ní àìsàn ọpọlọ ní 1956, ọmọ wà ní California. Nígbà tí wọ́n ń sin ín, ọkùnrin mẹ́wàá tó yẹ kó pé kí àwọn Júù tó lè gba àdúrà Kaddish fún òkú ò pé, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sin ín láìsí àdúrà. Ọmọ yẹn wá jókòó, ó kọ àdúrà ti ẹ̀, ewì gígùn, ó jáde ní 1961, ó pe orúkọ gbogbo nǹkan ìyá ẹ̀ síbẹ̀ láìfi ìtìjú kankan pamọ́. Mi ò lè kà á tán lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Máṣíìnì ìránṣọ méjì ni Màámi tà nígbà tí mò ń ṣe físà. Mo mọ àwọ̀ ọ̀kan tó jẹ́ dúdú tí góòlù wà létí ẹ̀, mo mọ ibi tí góòlù yẹn ti họ níbi tí ọwọ́ wọn máa ń wà.

Mo pè wọ́n láti itẹ́ òkú yẹn, ọ̀sán ti pọ́n lọ́dọ̀ wọn. Wọ́n ní ibo ni mo wà tí ibẹ̀ dákẹ́ báyìí, mo ní ibi sàréè òǹkọ̀wé kan ni. Wọ́n ní ṣé ẹni wa ni, mo ní rárá o Màámi, òyìnbó ni, ó ti kú tipẹ́, ọmọ ọdún 47 ni.

"Ìyá ẹ̀ ńkọ́?"

Mo ní ìyá ẹ̀ kú ní 1973.

Wọ́n dákẹ́, mo mọ̀ pé wọ́n ń ṣírò ẹ̀.

"Yéè. Ojú ẹ̀ ló fi rí i." Wọ́n ní kí n dìde kúrò níbẹ̀, kí n lọ jẹun, kí n sùn.